Bíréèkì Wà Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, mo kí ọ kú iṣẹ́. Bó bá bá ọ lórí ìjókòó, mo kí ọ kú ìsinmi. Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè fún ọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi ògiri télọ̀.

Ìbàdí onírin tuntun tí o sanwó kí wọ́n fi sí mi lára ń ṣe dáadáa, gbogbo òfin dókítà ni mo sì ń pa mọ́. Ó ní kí n má fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, n kò sì fi lé e, àní nígbà tí àwọn àna wá kí mi, tó yẹ kí n jókòó bí ọlọ́lá. Ó ní ìdí ni kí n kọ́kọ́ fi wọ ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń ṣe, àwọn ará àdúgbò sì rò pé èmi àti mọ́tò ń jà ni mo ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó tún ní n kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí a ó fi lè tẹ bíréèkì lójijì láìjẹ́ pé ìbàdí dùn mí. Mo rò ó títí. Dókítà kò sọ pé ta ni kó tẹ̀ ẹ́. Mo bá wá igi gígùn kan, mo fi lé ìyá rẹ lọ́wọ́, mo ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá ti ní kó tẹ̀ ẹ́, kó fi igi náà ti bíréèkì mọ́lẹ̀. A dán an wò léraléra, ìbàdí kò dùn mí rárá. Nígbà tí dókítà pè lórí fóònù tó bi mí bóyá bíréèkì títẹ̀ ṣì ń dùn mí, mo ní rárá, ó sì kí mi kú oríire.

Ó ń lọ déédéé títí di ọjọ́ tí à ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìyá rẹ ń ráhùn lọ́nà pé ẹ̀gbọ́n mi bú ọbẹ̀ òun. Mo ní ọbẹ̀ yẹn kò kúkú dùn lóòótọ́. Ọmọ mi, èèyàn kì í sọ irú ẹ̀ fún ẹni tí bíréèkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A dé kọ́nà télọ̀, mo ní kó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá tẹ̀ ẹ́. Ẹnu ẹ̀bẹ̀ ni mo wà tí ògiri fi dé.

Ẹnikẹ́ni kò ṣèṣe. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, ó ní irin ìbàdí wà digbí, pé orí ló yẹ kí wọ́n bá mi pààrọ̀. Mo bi í bóyá ó máa wọ́n ju ìbàdí lọ.

Ìyá rẹ ti lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ó ní òun kò ní padà àfi tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá dé ọwọ́ rẹ. Ẹ́ńjìnnì dára, táyà dára, epo wà nínú rẹ̀, bíréèkì nìkan ló wà nílé àna mi.

Jọ̀wọ́, fi owó ògiri ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ tí n ó wọ̀ lọ bẹ ìyá rẹ. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú lẹ́tà yìí. Bá mi tọ́jú rẹ̀, ilé ti dákẹ́ jù.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o bá ẹni tó di bíréèkì rẹ mú jà ní kọ́nà.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń fẹsẹ̀ rìn báyìí.