Ẹṣin Tí Ẹ Kò Rí

Ẹ̀gbọ́n mi Àwẹ̀ró,

Ọjọ́ Iléyá tí ẹ wá wo ìwọ́de ẹṣin ní Maidúgùrì ni mo ṣẹ̀ yín. Mo kí yín àti ọkọ yín. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti san. Mo purọ́ pé ẹṣin kò ní jáde lọ́dún náà, kí ẹ lè dáná fún àlejò mi. Ìdí ààrò ni ẹ ti gbọ́ fèrè àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹ ní, "Lájídé, ẹrú lo fi mí ṣe. Ìtìjú ni yóò pa ọ́." Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí èpè yẹn jì yín.

Ẹ bá mi tọ́jú Màámi. Ọlọ́run yóò dá yín sí.

Lónìí, Bùnmi ọmọ yín, tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ níbí, ń wo ẹṣin níwájú ààfin. Èmi ni mo wà nídìí ààrò, tí mo ń se biri bisko àwọn Kànúrí dè é.

Lájídé