Èmi Ni Mo Máa Ń Ṣe Ẹni Tó Fara Pa

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé orúnkún wọn ti sàn díẹ̀? Ẹ bá mi kí àwọn ayálégbé wa.

Ara mi le. Fọlájìmí tí a jọ ń gbé ní Berlin ti kó lọ sí Hamburg nítorí iṣẹ́. Ó ní kí n kí yín. Èmi nìkan ló kù nílé.

Ẹ bi mí lórí fóònù ìdí tí mo fi ń gba òtútù lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Bergwacht, àwọn tó ń gbé ẹni tó bá ṣubú lórí òkè yìnyín. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Tí a bá lọ kọ́ṣẹ́ lórí òkè lópin ọ̀sẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ bí ẹni tó fara pa. Èmi ni mo máa ń yọ̀ǹda ara mi. Wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi, ẹnì kan á di ọwọ́ mi mú, á máa bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ìsàlẹ̀. Ní Berlin, ọ̀sẹ̀ kan lè lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn mí.

Ní Sátidé, wọ́n bi mí pé, "Ta ni ká pè fún ọ?" Eré la ń ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Ẹ̀yin ni mo dárúkọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ máa pè mí, Màámi. Kò dìgbà tí nǹkan bá ṣe mí.

Ọmọ yín,
Tọ́baọlá