Eruku Ilé Màlúù Wa Ti Lọ sí Yunifásítì

Walburga ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò wú àti oyún tó jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ rẹ ńkọ́? Severin ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ń rí oorun sùn láìsí pé àyà rẹ̀ ń súfèé? Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ló ṣì ń sọ fún wa ìgbà tí òjò máa rọ̀, a sì ti kó koríko gbígbẹ sókè àjà kó tó dé. Màlúù dúdú yẹn ti bí, akọ ni, bàbá rẹ tó ń retí abo tí a ó máa fún wàrà rẹ̀ sì ń kùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé bíró ni pé àwọn ará yunifásítì dé. Àlùfáà ló kéde lẹ́yìn máàsì pé wọ́n ń wá ilé tí ọmọdé àti màlúù jọ ń gbé, kí wọ́n lè mọ ìdí tí ara àwọn ọmọ kan fi ń kọ oúnjẹ àti koríko, tí ti àwọn mìíràn kì í kọ nǹkan kan. Èmi sì mọ̀ pé bí àlejò bá ń bọ̀, ilé là á gbá. Mo fọ ilé màlúù láti ara ògiri dé ilẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ ìrù àwọn màlúù, mo gbé tìmùtìmù Resi, ọmọ Anderl ẹ̀gbọ́n rẹ, sóòrùn, mo sì fi igi lù ú títí apá fi ń ro mí. Bàbá rẹ ní àwọn màlúù ti wá mọ́ ju òun lọ. Nígbà tí Dókítà Irmgard wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ tutù, ó wò yí ká. Ó ní, Ìyá, eruku tí ẹ gbá dànù yẹn gan-an la bá wá.

Burgi ọmọ mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Eruku tí ìyá mi tìtorí rẹ̀ fi ìgbálẹ̀ nà mí, òun ni wọ́n gbé mọ́tò láti ìlú ńlá wá bá. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá rẹ tí kò gbá orí igi àjà láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ń fa eruku bí ọmọ màlúù ṣe ń fa ọmú fà á sínú àpò funfun kékeré, wọ́n sì fi ìbọ̀wọ́ gbé e bí àlùfáà ṣe ń gbé ara Olúwa. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, wọ́n tẹ́ ẹ sínú yìnyín. Mo bi wọ́n bóyá kó má baà bàjẹ́ ni, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé eruku máa ń bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rọra gbálẹ̀.

Wọ́n bi bàbá rẹ pé ẹ̀ẹ̀melòó ni Resi ń wọ ilé màlúù lọ́sẹ̀. Ó ní inú ibẹ̀ lọmọ ń gbé, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jáde ni kí wọ́n bi òun. Wọ́n wá kán omi oríṣiríṣi sí ọmọ náà lápá, ti koríko, ti ẹyin, ti ológbò, ti ẹ̀pà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì jókòó tì í, à ń wo apá bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Èyí tí ara bá kọ̀ ló máa ń wú, kò sì sí èyí tó wú. Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan, ẹ̀rọ sì ya èémí rẹ̀ sórí ìwé, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dà bí òkè ẹ̀yìn ilé wa. Èémí tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí rí. Mo ṣe àmì àgbélébùú, bàbá rẹ ṣí fìlà. Dókítà tún ní àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí ń gbé inú ìrọ̀rí gbogbo wa, èépá ara wa ni wọ́n ń jẹ. Èmi máa ń kí wọn báyìí kí n tó gbé orí lé e, nítorí mi ò mọ bí ìwúwo orí mi ṣe ń rí lára wọn.

Ó ní ó jọ pé ara ọmọ tó bá ti mọ eruku wa láti inú oyún máa ń mọ àlejò yàtọ̀ sí ọ̀tá, tí ara àwọn mìíràn sì ń bá àlejò jà. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Severin ni mo rí. Mo rántí ọjọ́ Àjíǹde, tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà wa tí ètè rẹ̀ fi dúdú, tí ọkọ rẹ gbé e sá padà sínú mọ́tò, tí o sì ní kò ní gun òkè yìí mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sọ fún ọ.

Ni mo bá gbọn eruku àjà kún inú àpò ìrọ̀rí kan, mo rán ẹnu rẹ̀, mo kọ orúkọ Severin sí i, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ kí o máa tẹ́ ẹ sábẹ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo kọ́kọ́ bi dókítà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ohun tó jọ pé ó ń ṣọ́ Resi, òun náà ló lè dí Severin léèémí pa, nítorí ara tirẹ̀ ti bínú tán. Mo ní kí wá ló wà nínú ẹ̀ gan-an. Ó ní àwọn ò tíì mọ̀ dáadáa, ìdí tí àwọn ṣe ń wá a kiri nìyẹn. Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀, kò sì tijú. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù, inú mi sì dùn sí i. Mo bi í bóyá eruku náà lè ran oyún inú rẹ lọ́wọ́, ó ní òun ò lè ṣèlérí. Nítorí náà mi ò ní sọ pé kí o wá jókòó ti màlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ ti gbé àga síbẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni mo máa sọ̀ kalẹ̀ wá. O mọ̀ pé mi ò kọjá ọjà wàrà rí. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, má fi í gba báńkì, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ ẹ́ rí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ìwọ lo ni ín. Kí o sì ra aṣọ, gèlè àti bàtà kan tí màlúù ò fojú kàn rí, fi wọ́n sílé opó tó wà nísàlẹ̀ yín. Dókítà ní irun àti aṣọ mi ni eruku náà ń bá rìn. Màá wẹ̀ níbẹ̀, màá fọ irun, màá di aṣọ tèmi sínú àpò, kí n tó gòkè wá. Òórùn màlúù ló wà lára mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò sì tijú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá máa jókòó lórí itan mi, màá fọ̀ ọ́ kúrò.

Kí oṣù rẹ pé, ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ọlọ́run tó bu erùpẹ̀ mọ ènìyàn, tó sì mí èémí sí i ní ihò imú, kó bá wa parí ìjà eruku àti èémí lára Severin.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kreszentia