Ìrora Mi Ni Mo Sọ, Itan Rẹ̀ Ló Já

                                        Àjà kejì, lókè ilé ìtẹ̀wé àtijọ́,
                                        Ojú ọ̀nà pápá ìṣeré.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo kà sí ọmọ ìyá,

Ara ńkọ́? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ojú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti sàn díẹ̀, àbí o ṣì ń gbé ìwé ìròyìn súnmọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí kì í fẹ́ kí n kí òun gbẹ̀yìn ńkọ́? Sọ fún wọn pé àwọn ni mo kọ́kọ́ kí lónìí, lẹ́yìn ìwọ àti aya rẹ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyàwó mi le koko, ohùn rẹ̀ pàápàá. Ní tèmi, orí àga ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo to ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn bí ẹni tó ń mọ odi, torí ìbàdí mi kò yéé dùn mí. O mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé ló mọ ọ̀rọ̀ ìbàdí mi, òun gan-an ló sì dá ọ̀ràn tí mo fẹ́ rò fún ọ yìí sílẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà tó o pè mí lórí fóònù, tó o bi mí bóyá ọmọ rẹ gbà láti fi eré sísá sílẹ̀ kó sì padà sílé, mo dá ọ lóhùn pé ó gbà. Kò gbà o. Kò sì kọ̀. Mi ò bi í ni. Nítorí náà, jọ̀ọ́, má tíì wọkọ̀ wá mú un. Ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀ ná. Mi ò pè ọ́ padà lórí fóònù torí pé ẹnu mi ti ba nǹkan jẹ́ tó báyìí, ó sàn kí n fi ọwọ́ sọ èyí tó kù. Ọwọ́ máa ń rò ó kó tó rìn.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Àgbọ̀nrín ọmọ rẹ ti ríṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Kò jẹ́ ká kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Orúkọ tí àwa méjèèjì fún un nígbà tó máa ń sáré jáde nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú ni gbogbo àwọn eléré ìje ibí ń pè é. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, á ti sáré yí pápá ká. Tó bá dé, á tún sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń wò ó lójú fèrèsé, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ títí yóò fi wọlé. Bó bá sáré jù, mo rò pé àyà rẹ̀ á já. Bó bá rọra, mo rò pé àìsàn ti dé.

Lọ́jọ́ kan mo ṣàkíyèsí pé ó ń fi ìdí kan ṣoṣo jókòó, ó gbé ìkejì sókè bí ẹni tó jókòó lórí èèrà. Mo bi í. Ó ní, “Ó kàn ń fà mí díẹ̀ ni, Bàbá.” Ìwọ náà mọ̀ mí, kò sí “díẹ̀” nínú èdè tèmi. Kó tó mu omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, mo ti rí i lọ́kàn mi lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, mo ti rí ọ tó ò ń bi mí pé kí ni mo fi ọmọ rẹ ṣe. Bí mo ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun nìyẹn, obìnrin kan tí kì í lo abẹ́, tó ń fi ọwọ́ to eegun ẹ̀yìn àti oríkèé, tó sì máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣèṣe nídìí eré bí wọ́n á ṣe lo ara wọn padà. Àwọn eléré ìje ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.

Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé eegun ẹ̀yìn oníke kan kọ́ sára ògiri láti ọrùn dé ìdí, ó sì ní bẹ́ẹ̀dì tóóró kan tí wọ́n dá ihò sí níbi tí aláìsàn máa ń ki ojú bọ̀. Mo bi í bóyá ihò yẹn ni àwọn tí kò lówó ń gbà sá jáde, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀yàyà obìnrin náà wà lára ohun tó kó bá mi, torí ara mi balẹ̀, ẹnu mi sì là.

Ó kọjú sí Àgbọ̀nrín, ó ní, “Ibo ló ń dùn ọ́?”

Èmi ni mo dáhùn. “Ìbàdí ni, Dókítà. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbí gan-an.” Mo fi ọwọ́ gbá ara mi.

“Ìgbà wo ló máa ń pọ̀ jù?”

“Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ̀ síwájú, ara á tù ú.”

Mo rí i tí Àgbọ̀nrín la ẹnu, mo sì rí i tó pa á dé. Ìwọ lo kọ́ ọ pé ọmọ kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, àwa méjèèjì la sì jọ ń yìn ín fún un. Dókítà bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ojú mi, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Nígbà tí Dókítà ní kó dojú bolẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn wá, bó ṣe kan abẹ́ ìdí, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà fò sókè. “Ó dùn ọ́ níbẹ̀?” Mo tún ti gbà á sọ: “Rárá o, Dókítà! Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án, á fò bí ẹja.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi, ìrora ta ni mo ń rò fún dókítà? Ìrora tèmi ni! Èyí tí mo kó nídìí títo lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé, tí mo tẹ̀ba sórí àpótí lẹ́tà irin títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò purọ́. Ìrora ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi, mo sì rò pé Ọlọ́run kò dá òmíràn.

Dókítà tẹ̀ lé ohun tí mo sọ. Ó ní kí Àgbọ̀nrín máa tẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó máa fa orúnkún mọ́ àyà, kó máa na ẹ̀yìn itan dáadáa. Mo sọ ara mi di alábòójútó. Mo ń gbé àga kalẹ̀ tì í láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń pariwo, “Tẹ̀ sí i! Ó kù díẹ̀!” Ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná pé, “Bàbá, ojú ọmọ yìí ń fún pọ̀ o!” Mo ní oògùn tó bá máa ṣiṣẹ́ á korò. Ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkorò, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ bá a tẹ̀ ẹ́.” Lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn, Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, “Bàbá, tí mo bá ti tẹ̀ báyìí, ńṣe ló ń…” Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní àìsàn tó bá fẹ́ lọ máa ń jà kó tó jáde. Títí di òní, tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gé ni mo máa ń dúró sí.

Ìdíje tí wọ́n fi ń ṣàṣàyàn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ dé. Ọdún yìí ni ọjọ́ orí rẹ̀ gbà á kẹ́yìn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé agboòrùn, báńdéèjì àti ìgò omi gbígbóná dání, bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, ẹni tó jókòó tì mí sì ń wò mí wò mí. Wọ́n yìnbọn. Àgbọ̀nrín ló wà nípò kejì, ó rọra ń sáré bọ̀ bí omi, àyà mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà tó kẹ́yìn báyìí ló fò sókè bí ẹni tí oyin ta, ó di ẹ̀yìn itan mú, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn tó kù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kóòṣì wọn ń pariwo, “Má dìde! Àgbọ̀nrín, má dìde!” Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ara òun, bí ìgbà téèyàn fa aṣọ ya.

A padà sọ́dọ̀ Dókítà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sílẹ̀ díẹ̀.” Mo ní tó bá wá gbàgbé nǹkan kan ńkọ́? Ó ní, “Ara rẹ̀ ni, Bàbá. Kò lè gbàgbé ẹ̀.” Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ látinú yàrá. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ nínú.

Nígbà tí Dókítà jáde, kò bú mi. Ó ní ẹ̀bi kan òun náà, òun ì bá ti lé mi síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ṣàlàyé pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀yìn Àgbọ̀nrín rárá. Iṣan tó so itan mọ́ eegun ìdí ló ti ń ya díẹ̀díẹ̀, títẹ̀ síwájú sì ni irú iṣan bẹ́ẹ̀ kórìíra jù. Àwa wá ń nà án láràárọ̀ bí okùn tó ti gbó. Kò já tán, kò sì ní í gba abẹ́. Ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Kò gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀ lásán, kò sì gbọ́dọ̀ kánjú: yóò máa fẹ̀yìn lélẹ̀ gbé ìdí sókè, yóò máa rìn, tó bá yá yóò máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀, kó tó wá kan eré. Mo bi í bóyá ìdíje lè dúró dè é. Ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Ó kàn gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.” Ì bá sàn kó bú mi. Ìyàwó mi bá a ṣe èyí tó kù, ó ní, “Ẹ gbé ẹ̀yìn yín fún ọmọ ọlọ́mọ rù.”

Ọjọ́ kejì ẹ̀ lo pè, lẹ́yìn tó o gbọ́ pé ó ṣèṣe. O ní kó máa bọ̀ nílé, kó jáwọ́ nínú eré. O bi mí bóyá ó gbà, mo ní ó gbà. Ká sòótọ́, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé tí ohunkóhun bá tún já, mo fẹ́ kó já lọ́dọ̀ tìrẹ.

Ní ìjẹta, Kóòṣì kanlẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ kí Àgbọ̀nrín wá jókòó sí pápá, kó máa di aago mú fún àwọn ọmọ kéékèèké, kó sì ṣe eré ìdárayá tirẹ̀ lórí ẹní. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Háà, ó ti rẹ̀ ẹ́.” Mo wá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: “Ẹ má bínú o, Bàbá. Kò rẹ̀ mí. Mò ń bọ̀, sà.” Mo gbọ́ tí ìyàwó mi fi ṣíbí lu ìkòkò, mi ò sì rò pé ọbẹ̀ ló ń rò. Ó kọ́kọ́ dùn mí, mi ò ní í parọ́. Àgbà ni mí. Mo lọ sójú fèrèsé. Ó di irin àtẹ̀gùn mú sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó ń gbé ìdí sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fẹ́ pariwo pé kó rọra. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Nígbà tó wọlé, mo sọ fún un pé o pè, mo sì sọ èsì tí mo fún ọ. Ó gbé ẹní tó ká sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ pé mo gbà?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n bi mí.” Mo ní tí wọ́n bá bi ọ́, kí lo máa sọ? Ó wá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ látọjọ́ ìdíje: “Bàbá, ẹ ti tún fẹ́ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ lè bá mi sọ ọ́.”

Nítorí náà, mi ò mọ ohun tó máa sọ. Ohun tí èmi rò pọ̀, mo ti kọ ọ́ sí bébà mìíràn, mo sì ti ya á. Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí wọ́n má sunkún. Ọmọ wọn ń jẹun, ó sì ń rìn. Kí àwọn ọmọ ilé náà. Pe Àgbọ̀nrín lórí fóònù tirẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó o sì bi í. Bó bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, má bá a dáhùn o. Dúró dè é.

Ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́,
tẹ́ ẹ sọ ní Bó-Bá-Já-Ńkọ́ níléèwé.