Àpò Sìmẹ́ǹtì Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ Dá Gbé

Sí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn,

Mo kí ọ o. Mo gbà á ládùúrà pé o jí ire, ara rẹ yá, iṣẹ́ sì ń lọ. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Aránṣọ tó múlé tì wá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó má bu iyọ̀ sí i.

Ìròyìn tí mo ní kò dára. Ẹ̀gbọ́n rẹ bíríkìlà kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Òjò pa àpò sìmẹ́ǹtì níbi iṣẹ́ wọn, ó wá wúwo bí òkúta. Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e." Ló bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkùnrin méjì fún àpò kan? Ṣé òkú ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìtẹ orúnkún, ó gbé e, ó sì yí ara bìrí láti jù ú sínú bárò. Nǹkan ró kàù. Òun gan-an kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé pákó ló ṣẹ́.

Dókítà ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ̀. Ó ní àwọn kan máa ń padà rìn, àwọn mìíràn kì í rìn. Mo bi í pé inú àwọn wo ni ọmọ mi wà. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ a máa sáré nawọ́ sí i pé, "Bàbá, gbé mi." Lọ́jọ́ kan, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bàbá rẹ̀, èmi ló nawọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ kọjú sí ògiri.

Ó wá kan ìwọ. Wọ́n ní Katapílà ni wọ́n ń pè ọ́ nílé ìkẹ́rùsí yín, torí o ń dá gbé àpótí tó yẹ èèyàn méjì. Irin ni ẹ̀yìn katapílà. Egungun ni tìrẹ. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó lágbára jù ọ́ lọ, síbẹ̀ kì í dá gbé ẹrù ru ara rẹ̀. Yóò dúró ti àpò àgbàdo, yóò máa ké pé, "Ta ló ń kọjá? Ẹ wá gbé e rù mí o!" Bí kò bá rí ẹnì kan, yóò pín in sí méjì. Bí o bá fẹ́ gbé nǹkan, lóṣòó tì í, fà á mọ́ àyà, kí itan gbé ọ dìde. Bí o bá fẹ́ yí, ẹsẹ̀ ni kó yí, kì í ṣe ìbàdí. Má bá mi jiyàn. Èmi ni mo ni agídí tí o jogún.

Ọlọ́run má jẹ́ kí n sunkún ọmọ méjì. Ẹ̀yìn rẹ yóò gbé ọ dé ọjọ́ ogbó.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń dá gbé e láti orí ẹní lọ sí balùwẹ̀. Láti àná ló ti ń fọwọ́ di ìbàdí mú. Tètè wá, kí o sì mú ọ̀rẹ́ kan dání.