Ìyá Tó Jókòó Lẹ́nu Ọ̀nà Wa Kì Í Ṣe Alágbe

Ilé Weng, Etí Odò Min,
Ọjọ́ kejì tí òjò dá.

Suyin ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ-ọmọ mi, mo sì kí àjà kẹtàlélógún tí ẹ ń gbé ní Ṣanghai lọ́hùn-ún, kí òrìṣà wa, Ìyá Linshui, má jẹ́ kí àpótí tó ń gbé yín ròkè há mọ́ yín lágbedeméjì. Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé omi gbígbóná lò ń mu, àbí wọ́n ti kọ́ ọ ní omi dídì tí àwọn ará ìlú ńlá ń mu bí ẹni tí inú rẹ̀ ń jó? Tí o bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe wà, ilé wà lórí ìdúró. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń tiro ti ń rìn, ólífì so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka ń ya, eyín iwájú àbúrò bàbá rẹ, Dashun, ti kúrò lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì dín kù.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ti ń pè, o ò rí mi bá sọ̀rọ̀. Má dààmú, ara mi le, fóònù ni mo tì mọ́ inú ìkòkò ìrẹsì. Ìwọ lo sọ fún mi níjọsí pé ilé-iṣẹ́ onírìn-àjò yẹn ti san owó mi sínú fóònù, ìwọ náà lo tún pè pé tí mi ò bá gbọ́ràn, wọ́n lè gba owó wọn padà. Mo ní ibo ni wọ́n máa gbà wọlé? Mo pa fóònù, mo fi aṣọ wé e, mo rì í sísàlẹ̀ ìrẹsì, mo gbé òkúta lé ìdérí. Títí di àárọ̀ yìí, kò tíì sí ọmọ bíbí inú obìnrin tó mú yuan kan níbẹ̀. Ó sì tún dára bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi bá ti gbóná lórí fóònù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣanghai máa ń bàjẹ́. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wàá kà á dópin.

Ohun tí o sọ fún mi lákọ̀ọ́kọ́ ni pé àwọn àlejò ń bọ̀. O ní òyìnbó ayàwòrán kan wà tó wa ọkọ̀ gba odò wa kọjá nígbà tí ọba ṣì wà lórí ìtẹ́ ní Beijing, pé ó ya odò, ó ya afárá, ó ya èèyàn, pé àwọn àlejò wọ̀nyí sì ń san owó gọbọi láti tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ yí gbogbo Ṣáínà ká, ibi tó bá dúró sí kí àwọn náà dúró síbẹ̀, ohun tó bá yà kí àwọn náà yà á. Mo bi ọ́ pé ṣé òyìnbó náà gbàgbé nǹkan síbì kan ni. O rẹ́rìn-ín. O ní kí n ṣáà wọ aṣọ àtijọ́, kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, pé wọ́n á sanwó. Èmi náà rò ó pé ìjókòó ò pani, mo ní mo gbọ́.

Àmọ́ o ò sọ fún mi bí wọ́n ṣe máa wá. Mo ń sá ólífì sórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbójú sókè, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń gòkè bọ̀ láti etí odò, ó gbé àwòrán ìyá arúgbó kan sáyà, àwòrán ńlá aláwọ̀ dúdú àti funfun nínú férémù, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí ọkùnrin ṣe ń gbé àwòrán òkú ṣáájú pósí. Àwọn èèyàn tò tẹ̀lé e, gbogbo wọn wọ aṣọ òjò dúdú, wọ́n sorí kọ́ nítorí òkè tí wọ́n ń gùn, wọn ò sọ̀rọ̀. Kí ni ìwọ ìbá rò? Òkú àjèjì ń bọ̀ lójúde wa, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa! Mo figbe ta, mo pe Dashun, ó sáré jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ sòkòtò kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, ó ṣáná sí báńgà tó fi pamọ́ de ọdún tuntun. Èmi da koríko gbígbẹ sẹ́nu géètì, mo tiná bọ̀ ọ́ kí èémí òkú má bàa wọlé. Báńgà ń dún, èéfín ń rú, mo na ìgbálẹ̀ sí wọn, mo ní ẹ gbé òkú yín gba ẹ̀yìnkùlé lọ o!

Àfi bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti gbéra, ẹnikẹ́ni ò tíì kí àwọn káàbọ̀ báyìí. Ọkùnrin kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n tún na ìgbálẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kámẹ́rà òun ò tètè ṣí. Mo ní òkú dà? Ó ní òkú wo?

Ọmọbìnrin tó gbé àwòrán yẹn, Xu Linna lorúkọ rẹ̀, òun ni amọ̀nà wọn. Ọmọ dáadáa ni, ará Fuzhou nísàlẹ̀ odò, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe òkú la gbé wá, àwòrán tí òyìnbó yẹn yà lẹ́nu ọ̀nà yín gan-an nìyí. Mo wò ó. Ẹnu ọ̀nà wa ni lóòótọ́, àtẹ̀gùn òkúta wa tó là nígun òsì ni. Ìyá arúgbó jókòó lé e, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹni tó ń wò ó. Suyin, iwájú orí bàbá rẹ ló wà lórí obìnrin yẹn. Iwájú orí yẹn gan-an, tó yọ síta bí ẹni tó fẹ́ fi kan ìlẹ̀kùn. Iwájú orí tìrẹ náà ni.

Kí n tó lanu, Linna ti yíjú sí àwọn àlejò rẹ̀, ó ní obìnrin alágbe nìyí, etí odò ló ti ń tọrọ jẹ. Ó ṣí báàgì, ó kó àkísà jáde fún mi pẹ̀lú abọ́ tó ti fọ́ lẹ́nu, ó ní Màmá, ẹ wọ èyí, ẹ jókòó síbi tó jókòó sí, ẹ wá na ọwọ́ báyìí. Aṣọ àtijọ́ tí o ní kí n wọ̀ nìyẹn, Suyin. Àkísà.

Mo ní ta ni alágbe? Ó ní bí òyìnbó ṣe kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán nìyẹn. Mo ní ṣé òyìnbó gbọ́ èdè wa ni, tí ìyá fi sọ fún un pé alágbe lòun? Ó ní kò gbọ́ ọ. Mo ní o rí i báyìí, ẹni tí a bá lábà là ń pè ní baba, ó bá ìyá onílé lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ fàdákà kéékèèké mẹ́ta há irun gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń há a, alágbe ló wá rí! Ó ní ọwọ́ tó nà ńkọ́? Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ọmọ Fuzhou wo nìwọ? Tí àlejò bá gòkè odò wá tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kí la máa ń fún un? Ólífì ni! Ìyá fẹ́ kí ọkùnrin yẹn rí nǹkan jẹ sẹ́nu, ọkùnrin yẹn ò gbà á, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ ló gbájú mọ́. Ọwọ́ tó ń tọrọ àti ọwọ́ tó ń fúnni, bákan náà ni wọ́n ń rí nínú àwòrán.

Linna tún wo ọwọ́ inú àwòrán náà. Ó ní Màmá, mo fẹ́ gbà yín gbọ́, kí lorúkọ rẹ̀? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, mi ò ní pè é ní alágbe mọ́ láé. Mo wo Dashun, Dashun wò mí. Ó wọlé lọ síbi pẹpẹ, ó ń yẹ pátákó àwọn baba ńlá wò, gbogbo wọn ló ní orúkọ, títí kan èyí tó fi oko ta tẹ́tẹ́. Nígbà tó jáde, ohun tó rí kà fún wa lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ ni pé “Lin, ìyàwó Weng.” Orúkọ ilé bàbá rẹ̀ lásán. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun, kò sí níbì kankan. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ yẹn lójú. Inú sì bí mi. Òyìnbó ò mọ̀ ọ́n, ó kọjá lọ ni tirẹ̀. Àwa tí ó bí ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n máa lọ, wọ́n fi àwòrán náà sílẹ̀ kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀ de ikọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì lẹ bébà onígun mẹ́rin kan mọ́ géètì wa, tóótòòtó dúdú ló kún inú rẹ̀. Mo rò pé oògùn ilé òrìṣà kan ni, mi ò bá wọn jà. Àfi ìgbà tí ikọ̀ kejì dé, tí wọ́n na fóònù sí i, tí ohùn kan jáde tó ń sọ pé obìnrin alágbe nìyí. Lẹ́nu géètì èmi! Mo ní sùúrù kí wọ́n lọ, mo fi ìrẹsì po àtè, mo lẹ àwòrán Òrìṣà Aṣọ́lẹ̀kùn wa lé e mọ́lẹ̀, èyí tó mú idà tó fẹ ojú. Àwọn tó tún wá na fóònù títí ọwọ́ fi ro wọ́n, fóònù ò gbin. O wá rí i pé tiwa lágbára ju tiwọn lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mo yẹ àdéhùn. Aṣọ òtútù pupa tí o rà fún mi ni mo ń wọ̀, yẹtí wúrà mi wà létí, mo ń na ọwọ́ sí wọn, ólífì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á kò ní yà mí. Wọ́n á bù ú jẹ, ojú wọn á fún pọ̀, mo ní ẹ má tu ú dànù, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ó ń bọ̀ wá dùn.

Ọ̀gá Linna ló wá fẹjọ́ mi sùn ọ́. Ìwọ sì pè mí, o ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán lásán ni, ẹ dákẹ́ kí ẹ jókòó, tí ẹ ò bá gbà wọ́n á gbé àwòrán náà lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá mìíràn nísàlẹ̀ odò. Àwòrán lásán? Iwájú orí rẹ lásán? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Suyin, ìyá yẹn sì ti dákẹ́ tó. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé e sórí pẹpẹ, sáàrin àwọn baba ńlá tó ń fi orúkọ yangàn, mo gbé ọtí ìrẹsì pupa àti ẹja gígún roboto síwájú rẹ̀, mo ní ẹ jẹun, Ìyá.

Linna dé láti wá gba àwòrán. Mo ní wọlé, òun nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti jókòó, èmi ò sì lè lé àgbà dìde. Tan tùràrí, kí o bi í fúnra rẹ. Mo gbé igi méjì tó rí bí òṣùpá tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà lé e lọ́wọ́. Kò lè ní òun ò ṣe é, torí ìyá tirẹ̀ náà á gbọ́ pé ó kọ̀ láti bi àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó ní Ìyá, ṣé ẹ máa bá wa lọ? Ó jù wọ́n sílẹ̀, méjèèjì dojú délẹ̀, ìyẹn ni pé rárá. Ó tún wọn jù, wọ́n tún dojú délẹ̀. Ó ní bóyá ilẹ̀ yẹn ni kò tẹ́jú, ó sún síwájú, ó jù wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kan dojú délẹ̀, èkejì yí wọ abẹ́ pẹpẹ lọ. Dashun ní èyí tó sá wọlé yẹn ló bínú jù. Linna dìde, ó gbọn eruku orókún, ó ní kí lòun máa wí fún ọ̀gá òun báyìí? Mo ní sọ fún un pé onílé ò gbà.

Ọmọ gidi ni, ó lẹ bébà tuntun, ó ní ohùn òun fúnra òun ló wà nínú rẹ̀ báyìí, pé ìyá arúgbó kan nìyí tó fẹ́ fún àlejò ní ólífì, a ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ò tíì gbọ́. Tó bá gbọ́, kó wá, báńgà ṣì kù.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyí. Nígbà tí Linna ń lọ, ó yọ bírò, ó fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé èmi ni mo sọ fún òun. Omi ń hó lórí iná, mo ti wọ ilé ìdáná, mo wá gbọ́ tó ń bi Dashun pé kí lorúkọ màmá yìí. Dashun ní Ìyá Suyin. Linna ní rárá, orúkọ rẹ̀ gan-an. Dashun ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Linna ní mo mọ̀, bàbá, orúkọ rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tèmi ti kẹ́tùlù lọ́wọ́, mo ń retí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí ní ìyàwó ló ti ń jẹ oúnjẹ mi. Kò mọ̀ ọ́n, Suyin. Mo wá bi ara mi pé, ìwọ ńkọ́, ṣé ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù o, mi ò lè máa wú ìrẹsì lójoojúmọ́, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Agbẹ́gi tó ń gbẹ́ pátákó pẹpẹ ní òun máa gbẹ́ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìyá, kó fi àlàfo sílẹ̀ níbi tó yẹ kí orúkọ wà, àlàfo tó gbòòrò, kí gbogbo ẹni tó bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ rí ohun tí a sọ nù. Èkejì jẹ́ tèmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú, mo ṣì ń gun igi ólífì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i pé wọ́n gbẹ́ orúkọ mi pé. Dashun ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé Weng. Mo ní a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ta ló tiẹ̀ máa gbé àwòrán mi ṣáájú pósí nígbà tí mi ò bí ọkùnrin. Mo ní ọmọ mi ni. Ìwọ ni, Suyin, ìwọ lo máa gbé e, àárín ọ̀nà sì ni kí o gbà, kí ẹni tí ojú bá ń ta gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí Ọ̀run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Kí ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kó tọ́jú rẹ, kó sì lè dá ẹni tó bá bi í lóhùn pé orúkọ ìyá òun nìyí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ruan Meizhu.
Pe ọmọ rẹ wá, kí ó ka orúkọ yìí sókè.