Orúkọ Ìsàlẹ̀ Pátákó

Ajé, 5 Júláì 1999. Òṣogbo

Ó parí! Ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ọmọ Iléṣà tó wà l'Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe. Lẹ́tà ń tàn, ó ń kú. Àkọlé ń rìn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Fọ́tò mẹ́wàá. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Ọ̀gá Sùúrù yóò gbé e lọ s'Ékòó lọ́la nínú dísíkẹ́ẹ̀tì, torí fóònù tiwa níbí kò lè fà á. (Mùyídéènì lorúkọ ọ̀gá mi. “Sùúrù” ni èsì rẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀.) Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 8 Júláì

Wọn ò gbà á. Ó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó ṣí. Lẹ́tà tó ń tàn tó ń kú ń fọ́ wọn lórí. Wọn ò rí ibi tí ọjọ́ ìpàdé wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa — àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òyìnbó ni wọ́n máa gbé e fún. Mo sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀gá ní sùúrù. Díẹ̀ ló kù kí n bú u.

Ẹtì, 9 Júláì

Kò síná.

Àbámẹ́ta, 10 Júláì. Iléṣà

Mo wá kí Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó bí mi ni, òun náà sì ni ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀: ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó sá lọ sídìí kọ̀ǹpútà. N ò gba fúrídọ́ọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá sì gbà á, orúkọ ọ̀gá ló máa kọ sísàlẹ̀ pátákó, kì í kọ tirẹ̀. Ọdún kẹrin tí mo ti lọ rèé. À ń ṣẹ̀fẹ̀, à ń jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n kò bi mí rí pé iṣẹ́ ńkọ́. Ó ń dùn mí.

Lónìí mo fi bébà tí mo tẹ ojú ìwé náà sí hàn án. Ó sọdá títì, ó fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìlọta, ó padà wá, ó ní kí n kà á. N ò rí nǹkan kan kà.

“Ẹni tó ń kọjá lórí ọ̀kadà ò ní dúró dè ọ́, Phebe. Kí lo fẹ́ kó mú délé?”

Mo sọ fún un pé lẹ́tà rẹ̀ ń rìn, ó wá bi mí pé ta ló ní kí pátákó máa jó. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi yàwòrán sílẹ̀: ohun ńlá kan, kékeré mẹ́ta, ìyókù òfìfo. Ó ní ibi téèyàn ò kùn ló ń jẹ́ kí ibi tó kùn sọ̀rọ̀.

Àìkú, 11 Júláì

Ṣọ́ọ̀ṣì. Iyán. Mo bá bébà kan nínú báàgì mi nígbà tí mo padà dé Òṣogbo: “Ọ̀dà méjì. Má lò jù bẹ́ẹ̀.” Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá yìí o.

Ọjọ́rú, 14 Júláì

Mo pa ijó. Mo yọ fọ́tò mẹ́sàn-án, mo fi ti ọjà Àtàkúnmọ̀sà nìkan sílẹ̀. Ẹ̀yìn funfun. Àdíját, ìyàwó ọ̀gá, gbé oúnjẹ wá. Wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Mo ní kí wọ́n wá ọjọ́ ìpàdé fún mi. Kíá ni wọ́n fi ìka tó lépo mọ́inmọ́in tẹ gíláàsì rẹ̀: ibí nìyí. Mo nu epo, mo dì mọ́ wọn.

Mo kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Bàbá sí igun ìsàlẹ̀, kékeré: Ọdúntán Arts, Iléṣà.

Ìṣẹ́gun, 20 Júláì

Wọ́n gbà á!!!

Àbámẹ́ta, 24 Júláì

Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì wọ ọkọ̀ wá s'Óṣogbo, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ló ti kọ́kọ́ wo ojú kọ̀ǹpútà, lókèèrè. Ó mi orí pé òun rí i kà. Ó wá sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo igun ìsàlẹ̀. Ó rí orúkọ rẹ̀.

“Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Pa á rẹ́. Kọ tìẹ.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í kọ. Phebe Ọdúntán. Ó ṣí fìlà, ó ní kí n kúnlẹ̀ — níbẹ̀, láàárín àga àti wáyà — ó sì gba àdúrà tó máa ń gbà fún ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù. Àmín ti Ọ̀gá Sùúrù ló ròkè jù. Mo sunkún, n ò purọ́.

Bí mo ṣe dìde, ó tún tẹjú mọ́ orúkọ náà. Ó ní ó kéré jù, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ò ní rí i.